Jónà Ajagun-Orin àti Oríkì Ilé Ọlọ́bì

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ipò kì í pa èèyàn bí ọtí, ẹ ní kó wọ mọ́tò wá sí Àrárọ̀mí-Ọ̀pin, kó wá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ Jónà Adégbóyè. Kò ní parí ìbéèrè tí a ó fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀ kí inú tó borí ẹ̀rín.

Ọmọ Ìdọ̀fin ni Jónà. Kó tó di ọ̀gá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kí èèyàn kí èèyàn tó kí i. Àfi bí wọ́n ṣe dá àjọ kan sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí wọ́n pè é ní Àjọ Adènà Olè Orí Afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì fi Jónà ṣe olórí rẹ̀ lágbègbè wa, láti Ọ̀sí títí dé Ìlọ́fà. Iṣẹ́ àjọ náà ni pé kó mú àwọn tó ń dáńlóòdù orin àti fíìmù oní-nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, tí wọ́n ń dà á sórí mẹ́mọ̀rí káàdì fún aráyé. Iṣẹ́ gidi ni o, mi ò bá a jà. Ẹni tó làágùn kọrin, ó yẹ kó jẹ nínú orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́!

Ọjọ́ tó gorí oyè, ó pe gbogbo ìlú jọ sí pápá, ó gbé agbádá mẹ́ta wọra lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀pin! Ẹ̀yin ará Òkè-Èrò! Èmi Jónà, Ajagun-má-yẹ̀, Ìjì-tí-ń-jà-láìsí-òjò, Kìnnìún orí afẹ́fẹ́, mo ti dé! Láti òní lọ, orin kan ṣoṣo kò ní já bọ́ sínú fóònù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo mọ̀ sí i! Bí ẹ̀fọn bá kọrin sí yín létí lóru, ẹ bi í pé ta ló ni orin náà! Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ mú un wá!"

Akọ̀wé rẹ̀, Qòsím, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Qòsím yìí, Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò mọ ilé kan kò mọ òmíràn lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń pọ́n ọ̀gá. Bí Jónà bá wúkọ́, Qòsím á ní, "Ikọ́ ọlọ́gbọ́n!" Bí ó bá sín, á ní, "Òkè ti mì!" Lọ́jọ́ kan Jónà sùn lọ lórí àga níbi ìpàdé, ó ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta, ni Qòsím bá fi ìka lé ètè, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́, Ọ̀gá ń ronú. A sì dákẹ́ o. Ẹ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà bá wọn jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún Jónà pé ara òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òkúta lẹ́yìn ìlú ni gbogbo orin ń gbà kọjá. Ó fi ọlọ́dẹ méjì ṣọ́ ọ, ó ní ohunkóhun tó bá ti orí òpó yẹn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Alángbá ni wọ́n rí mú. Wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì, Qòsím sì bèèrè bóyá kí wọ́n tú ẹnu rẹ̀ wò.

Ó na okùn sójú ọ̀nà Ọ̀sí, ó ní kí wọ́n máa dá ọlọ́kadà dúró. Ni wọ́n bá mú Issa, nítorí pé ó ń súfèé bọ̀ lórí alùpùpù.

"Ta ló fún ọ láṣẹ orin tí ò ń fi súfèé yìí?" Jónà jágbe mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, kì í ṣe orin. Búrẹ́ẹ̀kì ni kò mú, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ta ló wá ni ẹ̀rù náà?"

Issa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òun lòun ni ín. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òun lòun ni ín kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Wọ́n tún dé ìjọ Aládùúrà kan lọ́jọ́ ìsinmi, orin Dáfídì ni wọ́n bá lẹ́nu wọn. Jónà ní kí wọ́n dá a dúró ná, kí wọ́n mú ìwé àṣẹ Dáfídì wá. Olórí akọrin dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Alàgbà, Dáfídì ti kú." Jónà ṣí fìlà, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí kú ọ̀fọ̀. Kí àgbà kan nínú wọn wá fọwọ́ sí i."

À ń rẹ́rìn-ín. A rò pé eré ni. Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ó lọ ká Adépéjú mọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá ń gba gáréèjì Àrárọ̀mí kọjá mọ Adépéjú. Obìnrin kékeré kan ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún un. Ó ń fi sólà ṣe iná fún fóònù, ó ń fi orin sí mẹ́mọ̀rí káàdì, ó sì ń gbé kámẹ́rà lọ sí ibi ìgbéyàwó àti ìsìnkú láti ibí dé Ìsólò-Ọ̀pin. Ṣé orin olórin wà nínú kọ̀m̀pútà rẹ̀? Ó wà níbẹ̀ dáadáa, mi ò ní torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀m̀pútà méjì yẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà: ìyàwó tí a gbé, ọmọ tí a sọ lórúkọ, àgbà tí a sin. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá tí wọn ò ráyè wálé sin bàbá wọn, ọ̀dọ̀ Adépéjú ni wọ́n ti ń rí ojú òkú. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Jónà kó gbogbo rẹ̀. Adépéjú kúnlẹ̀ sínú eruku, ọmọ rẹ̀ kékeré dì mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo orin olórin rẹ́ níṣojú yín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kù níbẹ̀. Ìsìnkú àwọn èèyàn ni, èmi fúnra mi ni mo yà á."

"Olè kì í ní iṣẹ́ ọwọ́," Jónà ní. "Sátidé tó ń bọ̀ la ó sun ún ní pápá, lójú ọ̀gá wa tó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Iná yẹn, wọn á rí èéfín rẹ̀ ní Òmù-Àrán."

"Ọ̀rọ̀ iná!" Qòsím ní.

Ẹ dúró o, ẹ má ì tíì hó. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù náà sínú ọkọ̀, Jónà rántí pé ó yẹ kí wọ́n ya fíìmù ọjọ́ náà, kí orúkọ òun má baà parẹ́. Wọ́n wá ẹni tó ní kámẹ́rà gidi ní gbogbo Àrárọ̀mí, wọn ò rí ẹlòmíràn. Ni Jónà bá yọ kámẹ́rà nìkan kúrò nínú ẹrù, ó nà án sí Adépéjú.

"Ìwọ ni wàá yà á. Rí i dájú pé o mú ojú mi dáadáa."

Ẹ gbà mí! Ẹ ní kí obìnrin ya fíìmù iná tí ẹ fẹ́ fi jó oúnjẹ ọmọ rẹ̀! Mo bá Adépéjú nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kó má lọ. Ó nu ojú, ó ní òun á lọ. Ó ní bí wọ́n bá máa sun nǹkan òun, kí ojú òun wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oríkì ló kù tí mo fẹ́ fi kún un. Jónà ní kí Qòsím wá oríkì tí gbohùngbohùn á máa gbé jáde bí òun bá ń wọlé, oríkì tó máa mú kí ara ọ̀gá Ìlọrin ṣe gììrì. Qòsím ní ṣebí kí wọ́n lọ gba ti ilé wọn ní Ìdọ̀fin. Jónà ní òun ò fẹ́ ti Ìdọ̀fin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ní ayé ogun, nígbà tí ogun wọ Ìdọ̀fin, bàbá ńlá Jónà gun àjà, ó fa àkàbà sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ogun fi kọjá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kì wọ́n pé:

Ọmọ a-gbóhùn-ogun-gàjà,
Ọmọ a-bá-èkúté-pín-èlùbọ́ lókè àjà,
Wọ́n ní ṣé ogun ti lọ, ó ní kí wọ́n lọ tún un wò.

Ẹ sọ fún mi, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi ìyẹn kí Ajagun-má-yẹ̀ káàbọ̀?

Qòsím wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò wá a pẹ́, ó rí ibi tí obìnrin kan ti ń ki òkú àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ń já èèyàn ní ìfun. Ó dáńlóòdù rẹ̀. Kò bèèrè ẹni tó ni ín, kò bèèrè ilé tí wọ́n ń kì. Ibi tí obìnrin náà bá ti pe orúkọ òkú, Qòsím gé e kúrò, ó fi ohùn ara rẹ̀ dí i: "Jónà!" Ẹ ò bá gbọ́ ọ. Ohùn ìyá àgbà á dún rere, ohùn inú imú á wá já lù ú bí ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Jónà gbọ́ ọ. Ó gbọ́ "ọmọ Ọlọ́bì" níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ilé Ọlọ́bì wà ní Ìsólò-Ọ̀pin, kì í kúkú ṣe ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn. Ó ní kí Qòsím tún un lù. Ó tún un gbọ́, ó di ojú, ó ń mi orí. Ó ní ta ló máa mọ̀.

Ta ló máa mọ̀! Ní ilẹ̀ wa níbí, oríkì ilé kì í ṣe aṣọ ọ̀kírìkà tí ẹni tó bá wù ú lè rà wọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi kì, ọmọ ilé náà ni. Bí ọmọ jòjòló bá ń sunkún, tí wọ́n fi oríkì ilé rẹ̀ kì í, á dákẹ́. Jónà gbàgbé gbogbo èyí nítorí adùn etí.

Sátidé pé. Kánópì bo pápá. Wọ́n kó kọ̀m̀pútà Adépéjú àti fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà jọ gègèrè sí àárín, wọ́n da kẹrosíìnì lé e lórí, gbogbo wa ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀gá àjọ náà dé láti Ìlọrin, Àlàájà Bilikis Bẹ̀llò, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Jónà wà ní ìlà iwájú, léèsì tuntun lára rẹ̀. Jónà ló fi mọ́tò ránṣẹ́ pè é láti Ìdọ̀fin kó wá wo ògo ọmọ rẹ̀. Adépéjú dúró ti kámẹ́rà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

Màmá Àbẹ̀kẹ́, àgbà obìnrin ilé Ọlọ́bì, náà sì wá láti Ìsólò, òun pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wọn. Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Kò pé ọdún tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀ Gídíónì, Adépéjú ló ya ìsìnkú náà. Èyí tí Màmá Àbẹ̀kẹ́ fi kì í nìkan ni ó ní kí Adépéjú fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ Gídíónì tó wà lẹ́yìn odi lè gbọ́. Gbogbo ìyókù, ojú Gídíónì nínú pósí, àdúrà, iyẹ̀pẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bù, ó wà nínú kọ̀m̀pútà tí wọ́n da kẹrosíìnì sí yẹn. Ẹ má rò pé arúgbó jẹ́jẹ́ ni Màmá Àbẹ̀kẹ́ o. Gbogbo Ọ̀pin mọ̀ pé bí ó bá bọ́ sínú ìjà, òun ló máa ń gbẹ̀yìn jáde níbẹ̀.

Jónà kọ́kọ́ jẹ́ kí a dúró, kí oòrùn pa wá dáadáa. Nígbà tó wá yọ lókèèrè, Qòsím tẹ ẹ̀rọ.

Ọmọ Ọlọ́bì tó fi ewé tútù pọ́n obì,
"Jónà!"
Ọmọ a-jí-là-á-fún-àlejò kí àlejò tó jókòó,
"Jónà!"
Ọmọ òkúta pẹrẹsẹ abẹ́ odán,
Òjò pa á, kò rà. Oòrùn pa á, kò là.
Ilé yín ni wọ́n ti ń jẹun yó kí wọ́n tó bèèrè orúkọ onílé.
"Jónà!"

Gbogbo obìnrin Ìsólò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ki ilé ẹni, ara kì í gbà á kéèyàn jókòó. Òmíràn ti ń jó. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ò jó. Ó dúró gan-an, ó ń wo ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀. Ó wá rí Jónà nínú agbádá mẹ́ta.

Ó rìn wá sí iwájú. Ọlọ́dẹ fẹ́ dá a dúró, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ta ni ẹ̀ ń kì?"

Qòsím rẹ́rìn-ín sí i. "Màmá, Ọ̀gá wa ni."

"Ọ̀gá wo? Ohùn mi nù-un! Òkú Gídíónì ni mo fi ohùn yìí kì, kí omijé mi tó gbẹ. Níbo lẹ gbé orúkọ àbúrò mi sí?" Ó na ìka sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ yọ orúkọ òkú kúrò lẹ́nu mi, ẹ wá fi ti ẹni tí mi ò mọ̀ sí i!"

Qòsím pa ẹ̀rọ. Àlàájà Bilikis tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Jónà, ohùn màmá yìí ni?"

"Àlàájà, ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ jẹ́ kí a tanná..."

"Ṣé ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Jónà wo Qòsím. Qòsím ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Nítorí bí ẹ ò bá gbàṣẹ," Àlàájà ní, "ẹni tó bá mú ohùn ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, ẹ mọ orúkọ tí òfin wa pè é."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ọgbọ́n agbéraga. Lójijì ni ojú Jónà là, ó gba gbohùngbohùn, ó na àyà.

"Àlàájà! Ẹ̀yin èèyàn! Kò sí olè níbí! Ọmọ ilé Ọlọ́bì gan-an ni mí! Ẹ̀jẹ̀ Ọlọ́bì ló ń ṣàn lára mi! Ta ni wọ́n ń mú pé ó jí ohun tó jẹ́ ti ilé bàbá rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n!" Qòsím ké. Èémí rẹ̀ padà bọ̀.

Kí n má tan yín, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọlé. Àlàájà ti ń mi orí. Ẹni tó mú ìṣáná ti ń wo ojú Jónà fún àṣẹ. Adépéjú fi ọwọ́ kan bo ẹnu, ọwọ́ kejì wà lára kámẹ́rà.

Màmá Àbẹ̀kẹ́ ò ṣe bí ẹni tó bínú mọ́. Ó yíjú sí ìlà iwájú, ó wo Ìyá Jónà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ṣe sàdáńkátà fún un.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ulé wa ni. Ìwọ obìnrin yìí tó o bí i, ìyàwó ulé wa ni ọ́ nìyẹn. Ọdún mélòó lo fi sá fún wa? Ṣebí èmi ni ọkọ rẹ àgbà? Dìde, kúnlẹ̀ kí mi!"

Àwọn obìnrin Ìsólò gbà á: "Ìyàwó, káàbọ̀ o! Ìyàwó tó ń gbé ilé onílé! Omi ìwẹ̀ wa dà?"

Ẹ̀rín bú jáde ní pápá. Èmi gan-an dì mọ́ òpó kánópì kí n má ṣubú.

Ìyá Jónà dìde. Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, olórí ìyá ìjọ ni ní Ìdọ̀fin, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọkùnrin sí i lára rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé Adégbóyè.

"Jónà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Tún un sọ. Ilé ta ni o ní bàbá rẹ ti wá?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nílé."

"Nílé èwo? Ti Ìdọ̀fin àbí ti Ìsólò?" Ó kọjú sí wa. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tí mo rọbí rẹ̀ nínú ilé Adégbóyè, tí Adégbóyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé, ó gba ẹ̀rọ lójú ayé, ó ní ẹ̀jẹ̀ Ìsólò ló wà lára òun. Ọkùnrin wo ni mo bá pàdé ní Ìsólò, Jónà? Fi í hàn mí, kí n lè mọ ojú rẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kódà Màmá Àbẹ̀kẹ́ sún ẹ̀yìn díẹ̀.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́," Ìyá Jónà ní. "Oríkì bàbá rẹ ló ń tì ọ́ lójú, torí wọ́n ní ó gun àjà. Òmùgọ̀! Àwọn tó jáde lọ jagun lọ́jọ́ yẹn, ilé wọn dà? Koríko ló hù sí i. Ẹni tó gun àjà ló sọ̀ kalẹ̀ wá bímọ, tí ọmọ rẹ̀ bímọ, tí mo fi rí ọkọ fẹ́, tí mo fi bí ìwọ aláìmoore. Orí àjà yẹn ni gbogbo wa ti wá!" Ó mí kanlẹ̀. "Yan ọ̀kan báyìí, lójú gbogbo ayé. Ṣé ìwọ lo jalè ni, àbí èmi ni mo yan àlè?"

Jónà wo òkìtì kọ̀m̀pútà, ó wo Àlàájà, ó wo ìyá rẹ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ tún dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n náà ò wá.

"Mo jí i," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"A ò gbọ́!" Màmá Àbẹ̀kẹ́ ní.

"Mo ní mo jí i!"

Gbohùngbohùn tó ní kí wọ́n ṣí sókè dé òpin gbé e, òkúta ẹ̀yìn ìlú sì dá a lóhùn pé mo jí i, mo jí i.

Àlàájà Bilikis dìde, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó jù ú sínú àpò ara rẹ̀. Ó ní kí Adépéjú kó kọ̀m̀pútà rẹ̀, kó pa orin olórin tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó má tún fi ọwọ́ kàn án mọ́ láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà fún un. Ó ní kí Jónà lọ jókòó sílé, kó má tún yọjú sí ọ́fíìsì. Eruku mú Àlàájà lọ́fun níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó wúkọ́.

"Ikọ́ ọlọ́gbọ́n!" Qòsím ní. Ó ti bọ́ sẹ́yìn Àlàájà kí a tó mọ̀, ó ń bá a gbé báàgì.

Adépéjú ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Ó ń fi ìró rẹ̀ nu kẹrosíìnì lára kọ̀m̀pútà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tan méjèèjì nílé, ọ̀kan kò dìde, ìkejì dìde. Èyí tó dìde ni Gídíónì wà nínú rẹ̀. Màmá Àbẹ̀kẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ rò pé ó parí? Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Adépéjú ti ya gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kó yà á, ó sì mú ojú Jónà dáadáa. Àwọn obìnrin Ìsólò ní kó fún àwọn ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀dà kan bọ́ sí Wàsáàpù, ó dé Ọ̀sí, ó dé Ìlọ́fà, ó dé Ìlọrin, àwọn ọmọ wa ní Èkó ń fi ránṣẹ́ padà sí wa pé ṣé a ti rí i. Jónà ò lè jáde sí ọjà mọ́. Bí ó bá kọjá, ọmọdé á ní, "Ìsólò àbí Ìdọ̀fin?" Ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó wọ yàrá òun, ìta ló ń dọ̀bálẹ̀ sí.

Ló bá di ọ̀sán ọjọ́ kan, Jónà gun ọ̀kadà wá sí gáréèjì, ó fa fìlà bo ojú. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró de òun, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Adépéjú. Mo wà níbẹ̀, fóònù mi ni mo fi síná.

"Adépéjú," ó ní, ohùn rẹ̀ sì jẹ́jẹ́ bí ti àtijọ́, "ìwọ lo ya fíìmù yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Gbogbo àwọn tó ń pín in kiri, ta ló fún wọn láṣẹ? Olè ni wọ́n! Sáà ti sọ ọ́ jáde pé o ò yọ̀ǹda. Èmi tí mo mọ òfin náà, màá bá ọ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Adépéjú wò ó. Mo rí i pé àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára kọ̀m̀pútà tí kò dìde mọ́, tó fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ẹni ẹlẹ́ni nínú rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ sà," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mi ò tíì fún wọn láṣẹ."

"Ehn-ehn! Ṣé o rí i?"

Adépéjú jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́ kí gbogbo gáréèjì lè gbọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Fíìmù Ọ̀gá Jónà, èmi ni mo ni ín! Mo fún yín láṣẹ! Ẹ dáńlóòdù ẹ̀, ẹ pín in, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ti kún, kó wá, màá bá a wá àyè sí i!"

Ọlọ́kadà tó gbé Jónà wá ló kọ́kọ́ na fóònù. Ó bẹ Ọ̀gá pé kó ṣe sùúrù díẹ̀, òun ò ní pẹ́, àwọn á jọ lọ.